Bèbè Odò Ẹ̀yìnkùlé Bàbá Ọkọ Mi

Bàbá ọkọ mi kò fẹ́ràn mi, èmi náà kò fẹ́ràn rẹ̀, a ò sì fi pa mọ́ fún ara wa. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé ìtàn ìyàwó rere tó tọ́jú àgbàlagbà ni mo fẹ́ sọ. Ọmọbìnrin mìíràn ló ti wò sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Igangan, kó tó di pé ọmọ rẹ̀ mú èmi wá láti Ìdèrè, tíṣà sáyẹ́ǹsì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè. Lọ́jọ́ tí a kó àkọ́bí wa jáde, ààfáà ṣì ń ṣe àdúà lọ́wọ́ nígbà tí bàbá ọkọ mi tẹjú mọ́ ọmọ náà tó ní, "Ta wá ni eléyìí jọ?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà, mo sì ti gbé ọ̀rọ̀ náà sínú láti ọjọ́ yẹn.

Ìgbó-Ọrà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Bàbá ọkọ mi wà ní abà, níbi tí ọ̀kadà máa ń gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kọjá kó tó dé, tí ilé rẹ̀ sì jókòó sórí bèbè odò. Ilé ìdáná rẹ̀ dá dúró lẹ́yìn ilé, lápá ibi tí odò wà. Láàárín ilé àti ilé ìdáná ni sàréè ìyá ọkọ mi wà. Obìnrin náà ti kú kí n tó wọ ìdílé wọn. Bàbá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú sàréè náà, ó sì fi àyè kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbin ohunkóhun sí, ìbáà ṣe ata. Gbogbo wa la mọ ohun tí àyè yẹn wà fún. Bí ọkọ mi bá ní kó wá máa bá wa gbé nílùú, ìdáhùn kan náà ló máa ń fún un: "Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ ni kí ẹ tẹ́ mi sí. Bí mo bá fi lè kúrò níbí, ẹ ó kàn wá ibì kan jù mí sí ni." Bó bá dé ibi "jù mí sí" yẹn, èmi ló máa ń wò.

Odò náà kò sún mọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń wa yanrìn ló fà á. Wọ́n ń fi tipa kó òkìtì yanrìn tó wà létí odò, èyí tó máa ń gba agbára omi dúró lásìkò òjò, wọ́n kó o títí tó fi tán, omi wá kọjú sí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà lọ rẹ ẹ̀gẹ́ láfún wó sódò. Oko ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Nígbà tí ariwo pọ̀, ìjọba gbé iṣẹ́ àtúnṣe fún agbaṣẹ́ṣe kan. Wọ́n kó yanrìn padà, wọ́n rọ òkúta sínú apẹ̀rẹ̀ wáyà, wọ́n tò ó sí ìsàlẹ̀ bèbè, wọ́n sì gbin koríko kan tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wọlẹ̀ jìnnà sórí yanrìn tuntun náà. Ó lẹ́wà. Àwọn ọ̀dọ́ ń ti ìlú wá ya fọ́tò níbẹ̀.

Àdéhùn tí wọ́n bá agbaṣẹ́ṣe ṣe ni pé kò tíì bọ́ lọ́rùn rẹ̀ títí òjò yóò fi rọ̀ lé bèbè náà lórí dáadáa. Bí bèbè bá dúró, ó ti ṣe tirẹ̀. Bí kò bá dúró, òun náà ni yóò padà wá tún un ṣe. Wọ́n wá ń wá ẹni tó mọ̀wé tí yóò máa lọ wò ó. Wọ́n mú mi, torí pé mo mọ ọ̀nà abà, mo sì lè ka téèpù.

Iṣẹ́ náà kò le. Wọ́n ti ri àwọn irin kan tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa mọ́lẹ̀ láàárín ilé ìdáná àti odò. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀, n óò gun ọ̀kadà lọ, n óò wọ̀n láti ìdí irin kọ̀ọ̀kan dé etí ibi tí ilẹ̀ ti gé sódò. Bí ìwọ̀n yẹn bá ń kéré sí i, á jẹ́ pé odò ń jẹ ilẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá yí padà, bèbè dúró. N óò wo koríko bóyá ó ti mú, n óò wo òkúta bóyá wáyà rẹ̀ ti já, n óò sì pe ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà láti Ìbàdàn kí n sọ ohun tí mo rí fún un.

Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ni Bàbá máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tí á máa wò mí. N óò kúnlẹ̀ kí i. Ìyàwó ilé ni mí, bí mo kórìíra rẹ̀ tó, orúnkún mi mọ ibi tó yẹ kó wà.

"Ìyàwó, o dé," á wí. "Wọ́n tún ti rán ọ wá wọn ilẹ̀ onílẹ̀."

N óò na téèpù mi, òun náà á máa họ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀: kò sí ẹni tó fẹ́ kí bèbè yẹn dúró tó èmi. Bàbá fẹ́ ẹ nítorí sàréè. Èmi fẹ́ ẹ nítorí pé bó bá wó, ilé mi ni Bàbá ń bọ̀. Yàrá àwọn ọmọ mi ló máa gbà. Ìsáasùn mi ni á máa ṣí wò. Mo máa ń ka téèpù yẹn bí ẹni tó ń ka èsì ìdánwò ara rẹ̀, bí mo bá sì rí i pé ìwọ̀n náà ò yí padà, ara mi á yá gágá títí n óò fi délé.

Kò sì yí padà. Òjò rọ̀, ó tún rọ̀, ìwọ̀n kan náà ni. Ẹnjiníà ń yìn mí lórí fóònù bí ẹni pé èmi ni mo di bèbè mú. Àfìgbà tó di ọjọ́ kan tí mo naró láti sinmi ẹ̀yìn mi, tí ẹ̀yìn mi sì kan ògiri. Ògiri ilé ìdáná ni. Ibi tí mo dúró sí láti ìdí irin, n kò lè kan ògiri yẹn nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo wo iwájú. Lára àwọn ìlà koríko tí wọ́n gbìn síwájú irin, òmíràn ti lọ pátápátá. Mo wo ìdí irin, erùpẹ̀ ibẹ̀ tutù, wọ́n ti fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin nǹkan, wọ́n sì ri ọ̀pá pèrègún tútù kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo irin yòókù ló rí bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló hú àwọn irin yìí?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tí ẹ fi hú u?"

"Odò fẹ́ gbé e lọ ni. Bí ilẹ̀ bá ti gé sún mọ́ ọn, mo máa ń fà á sẹ́yìn díẹ̀." Ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì mú ọ̀pá ọparun kan jáde. "Bí wọ́n ṣe fi í jìnnà sódò lọ́jọ́ tí wọ́n rì í ni mo gé ọ̀pá yìí sí. Mi ò gba íǹṣì kan tó jẹ́ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò fún wọn ní íǹṣì kan lára tèmi kọjá bó ṣe yẹ."

Ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi ṣì kéré, iná oko jó àwọn pèrègún ààlà oko Bàbá kan lápá ọ̀nà Igangan. Kò tètè gbin òmíràn. Ẹni tó bá a pààlà ní kò sí pèrègún kankan níbẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, Bàbá sì pàdánù apá tó dára jù nínú oko náà. Láti ìgbà yẹn, bó bá rí àmì ààlà tó fẹ́ ṣubú lójú ọ̀nà, ìbáà jẹ́ ti ẹni tí kò mọ̀ rí, á dúró, á gbé e dìde, á tẹ ìdí rẹ̀. Ní tirẹ̀, àwọn èèyàn ìjọba ló wá ri ààlà sẹ́yìnkùlé rẹ̀. Bí ààlà yẹn bá bọ́ sódò, wọ́n á padà wá sọ pé òun ló hú u, wọ́n á sì ri tuntun mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Bàbá, kì í ṣe ààlà. Irin ìwọ̀n ni. Ojú kan tí wọ́n rì í sí ló yẹ kó wà, kódà bí odò bá máa gbé e lọ. Bí ẹ bá ń sún un, a ò lè mọ̀ pé odò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o ò mọ ebè í kọ. Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ èmi ní ààlà?"

"Ẹ rí i pé odò ń bọ̀, ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ló bi mí? Ṣebí ìwọ ni wọ́n rán wá wò ó. Mo rò pé ojú rẹ là sílẹ̀ ni."

Inú bí mi, mo sì pe ẹnjiníà lójú ẹsẹ̀. Ìdí irin yẹn náà ni mo dúró sí, Bàbá sì ń wò mí. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo fún un: ẹni tó sún irin, bó ṣe sún un, ibi tí odò dé gan-an. Ó rẹ́rìn-ín.

"Anti, ọ̀sẹ̀ yìí la fẹ́ gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Àwọn ọ̀gá ń bọ̀. Ẹ má dà á rú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Bèbè ń lọ, sà."

"Òjò náà ò ní pẹ́ dá. Ohun tí ẹ ti ń sọ fún wa látẹ̀yìn wá náà la ó lò."

Ọkọ mi, nígbà tí mo délé tí mo sọ fún un, ní kí n ṣe sùúrù, kí n má wá ìjà bàbá òun. Àwọn ọ̀gá wá lóòótọ́. Wọ́n ya fọ́tò níbi koríko, wọ́n bọ baálẹ̀ lọ́wọ́, iṣẹ́ náà sì bọ́ lọ́rùn agbaṣẹ́ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni àrọ̀kúrò wá dé, èyí tó bá wa ní ọdún yẹn pẹ̀lú ìbínú, ilé ìdáná Bàbá sì lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tòun ti odó àti gbogbo iṣu tó tò sórí àjà. Sàréè nìkan ló wá kù láàárín ilé àti odò.

Wọ́n pe ìpàdé síwájú ilé baálẹ̀. Ẹnjiníà wá láti Ìbàdàn. Gbogbo abà péjọ, torí wọ́n gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí yóò tún bèbè ṣe. Bàbá wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ yídì, ó fín lọ́fínńdà, ó sì mú ọ̀pá ọparun rẹ̀ dání. Mo bi ọkọ mi pé kí ló fẹ́ fi ọ̀pá ṣe. Ó ní Bàbá gbọ́ pé àwọn ará Ìbàdàn fẹ́ mọ ẹni tó bá wọn tọ́jú irin.

Ẹnjiníà fi ohùn dídùn pè é. "Bàbá, a gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ bá wa mójú tó àwọn irin wa."

Èmi ni mo sọ fún un lórí fóònù. Kò sí ibòmíràn tó ti lè gbọ́ ọ.

Bàbá dìde. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tayọ̀tayọ̀. Ó sọ bó ṣe gé ọ̀pá, ó na ọ̀pá náà sókè kí wọ́n rí i. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan náà kò ṣẹlẹ̀ kí òun sùn kí irin wọn wà nínú ewu, òjò ìbáà máa rọ̀. Ó ní òun kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn, pé ohun tó yẹ kí aládùúgbò ṣe ni òun ṣe. Ẹ̀yìn ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn tí ó yé, ó wá ń ràn bọ̀ wá síwájú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi. Mo rántí ọmọ mi lọ́wọ́ ààfáà, mo sì rẹ́rìn-ín dáadáa, n kò sì tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ títí di òní.

"Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀," ẹnjiníà wí fún àwọn èèyàn. "Iṣẹ́ tiwa dára. Onílé ló fọwọ́ ara rẹ̀ ba ìwọ̀n jẹ́. Kò sí agbaṣẹ́ṣe kankan tí a lè pè padà sórí èyí."

Ẹ̀rín mi tán níbẹ̀. Mo dìde. "Mo pè yín, sà. Kí ẹ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ni mo ti pè yín."

"Ẹ pè mí lóòótọ́, Anti. Ẹ kí mi, ẹ béèrè àwọn ará ilé mi. Mo dúpẹ́."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, èmi ni wọ́n ń fi rín lọ́tẹ̀ yìí. Baálẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ti yanjú, kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn wá mọ́. Àwọn èèyàn ń gbé àga wọn. Bàbá ṣì dúró lójú kan pẹ̀lú ọ̀pá tó nà sókè, ó ń wo ojú kan dé òmíràn.

"Kí ni wọ́n ń rín?" ó bi ọmọ rẹ̀. "Kí ni mo sọ?"

Ọkọ mi gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ fún un nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà sílùú, láìbu iyọ̀ sí i: pé àwọn irin yẹn ni ì bá pariwo odò síta, pé òun ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, pé bí kò bá fọwọ́ kàn wọ́n ni, agbaṣẹ́ṣe ì bá wà lórí bèbè yẹn báyìí tí yóò máa to òkúta. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí a fi délé.

Kò ní ilé ìdáná mọ́, odò sì ti kọjú sí ilé rẹ̀, bó ṣe di ará ilé mi nìyẹn. Mo fún un ní yàrá àwọn ọmọ, mo sì jẹ́ kó mọ̀ pé fífún ni mo fún un. Ó ní ọbẹ̀ mi kò ní ata. Mo ní àwọn tí ọbẹ̀ wọn ní ata ńkọ́, ibo ni ilé ìdáná wọn wà? Ọkọ mi bá mi wí, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà burú, ṣùgbọ́n ó ti jáde. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ omi, ògiri ló máa ń sọ ọ́ fún.

Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀, ó pè mí fúnra rẹ̀. Ìbàdí ti ń dà á láàmú, kò lè la ẹsẹ̀ gun ọ̀kadà mọ́. Ọkọ mi kò fẹ́ lọ síbẹ̀. Ó ní ojú òun kò lè gbà á láti rí sàréè ìyá òun bó ṣe dúró létí odò. Ó ti dá a lábàá pé kí ààfáà bá wọn gbé egungun náà wá sílùú, Bàbá sì fi ìbínú lé e jáde ní yàrá: "O fẹ́ wa ìyá rẹ bí ẹni wa iṣu?"

"Ìyàwó," Bàbá wí, "lọ bá mi wọ̀n ọ́n."

"Kí ni kí n wọ̀n, Bàbá?"

"Láti ibi ìyá yín dé odò. Má sì wá sọ ohun tó máa dùn mọ́ mi nínú. Bó bá ṣe rí ni kí o sọ."

Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ mọ́, síbẹ̀ mo lọ. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá àánú rẹ̀ ló ṣe mí ni, tàbí pé ó wù mí láti rí i kí n sì jẹ́ ẹni tí yóò wá sọ ọ́. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀, n óò lọ, n óò na téèpù láti etí sìmẹ́ńtì yẹn, n óò padà wá sọ ọ́ fún un lórí ìjókòó rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Á nawọ́ méjèèjì síwájú láti fi mọ bí ibẹ̀ ṣe gùn tó. Nígbà tó yá, kò nílò láti na ọwọ́ tán. Nígbà tó tún yá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ara wọn, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń wò wọ́n.

Lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀ tí n kò rí ibi tí mo fẹ́ so téèpù mọ́, mo dúró wo omi. Ó pọ́n, ó ń sáré, kò sì sí ohun tó jọ bèbè tàbí koríko tàbí apẹ̀rẹ̀ òkúta mọ́. Ẹ̀yìn ilé náà ti sán. Ọlọ́kadà ń fun fèrè pé kí n jẹ́ ká máa lọ, òjò tún ń ṣú.

Bàbá ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo wọlé.

"Mélòó ló kù?"

"Kò kù mọ́, Bàbá."

"Sìmẹ́ńtì ńkọ́?"

"Mo rí apá kan nínú omi. Ó ti fọ́."

"Àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó bá a lọ."

Ó mi orí. Ó fi etí agbádá nu ojú, kì í ṣe pé mo rí omi níbẹ̀. Mo fẹ́ wọlé lọ bọ́ aṣọ tó tutù lára mi, ó sì tún pè mí.

"Níbo lẹ ó wá gbé mi sí?"

"Itẹ́ òkú wà lẹ́yìn ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sin àwọn Mùsùlùmí sí."

"Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?"

Mo dúró, mo sì ronú sí i gan-an, ọ̀rẹ́ kan, ìbátan kan, ẹni tí wọ́n jọ kírun rí. Gbogbo àwọn èèyàn rẹ̀ ló sùn sí abà.

Mo ní, "Kò sí ẹnì kankan, Bàbá."